Etí Tóbi Lára Ògiri

                                        Ilé Dìákónì Jayéọlá,
                                        Ọ̀nà Ìrẹsà,
                                        Ògbómọ̀ṣọ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, 1956.

Yẹ́misí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyá Àgbà ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń bá ewúrẹ́ wọn jà láràárọ̀ bí ẹni ń bá orogún jà? Ẹ kú òjò o. Níbí, òjò kò jẹ́ kí a sá èlùbọ́, gbogbo ilé ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ.

Màmá mi ni mo fi ṣe ìkẹyìn nínú ìkíni. Kì í ṣe pé mo gbàgbé wọn. Ṣé wọ́n ń jẹun? Ṣé wọ́n ń rí oorun sùn? Ṣé ikùn wọn ti ń sọ̀ kalẹ̀? Ṣé wọ́n ti dárúkọ mi rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ yín? Má purọ́ fún mi o. Bí wọn kò bá dárúkọ mi, sọ pé wọn kò dárúkọ mi.

Má wo ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí mo sì ń kọ lábẹ́lẹ̀ sínú ìwé tí mo ń tọ́jú sábẹ́ ẹní mi, kò sí tíṣà tó ń bá mi tún un ṣe.

Ìyá Bàbá ló ní kí n kọ̀wé sí ọ. Wọ́n pè mí ní àárọ̀ àná, wọ́n ní, “Rúùtù, ìwọ tí o mọ̀wé, kọ ọ́ sí Ọ̀yọ́ pé lọ́jọ́ tí ìyá rẹ bá bímọ, kí wọ́n wo etí òsì ọmọ náà dáadáa kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi.” Mo ní, “Ó dára, mà.” Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó ti ìkòkò omi, omi ń bọ́ lójú mi bí ẹni pé ẹnìkan lù mí.

Ohun tí wọ́n rán mi nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ka èyí tó kù kí o tó ṣe ohunkóhun. Ìwọ nìkan ni kí o kà á. Mo fẹ́ sọ bí etí ọmọ ṣe di ọ̀rọ̀ nílé wa, nítorí kò sí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ àfi èmi àti òyìnbó kan tí wọ́n ti lé lọ.

O rántí Ọlọ́runtóbi àbúrò mi. Kérésìmesì ọdún 1954 tí o wá lò lọ́dọ̀ wa, òun ló da omi sínú bàtà rẹ tí o fi ń sunkún pé o ò ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni ibà mú un. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Méjì ti lọ níwájú rẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá, o mọ ìyẹn náà, Tóbi ló sì pẹ́ jù nínú wọn. Nígbà tó kú, wọ́n mú Màmá lọ sí ilé kejì, nítorí ìyá kì í rí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú òkú ọmọ rẹ̀. Ìyá Bàbá àti bàbá àgbàlagbà kan láti inú agbo ilé wọ yàrá tí Tóbi wà. Wọ́n ní kí n gbé omi wá sẹ́nu ọ̀nà, kí n sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Mo gbé omi wá. N kò kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mo rí abẹ. Mo rí i tí wọ́n gé etí òsì rẹ̀ lókè, díẹ̀ báyìí, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún yà lọ́dọ̀ wa. Bàbá dúró níbẹ̀. Bíbélì wà lábíyá wọn. Wọn kò sọ pé kí wọ́n gé e, wọn kò sì sọ pé kí wọ́n má gé e. Dìákónì ni Bàbá, Yẹ́misí. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, àwọn ló kọ́ kíláàsì àwọn àgbà pé kí a kọ ìṣe àtijọ́ sílẹ̀ pátápátá.

Màmá kò mọ̀. Ó lé ní ọdún kan tí Màmá kò mọ̀. Èmi kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì pa á dé.

Ìgbà tí ó yá ni òyìnbó náà dé. Ràmírésì ni orúkọ rẹ̀. Má bínú pé mo ń pè é ní “ó.” Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a má ṣe “ẹ” òun, ó ní láti kékeré òun ni wọn kò ti fún òun ní ọ̀wọ̀, òun kò mọ ibi tí òun máa gbé e sí. Bíríkìlà ni, kì í ṣe pásítọ̀. Tẹ́sáàsì ló ti wá ní Améríkà, ṣùgbọ́n kò jọ àwọn míṣọ́nnárì tó kù. Awọ ara rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀kọ ọkà bàbà, irun rẹ̀ dúdú kirikiri. Ọ̀rẹ́ mi Rose ní, “Òyìnbó yìí pẹ́ díẹ̀ nínú ààrò.” Ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín jù wá lọ.

Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń dìde. Ó ní ará Mẹ́síkò ni àwọn baba ńlá òun. Àwọn kò ṣí kúrò níbìkan, ààlà Améríkà ló ṣí kọjá lórí àwọn. Ó ní nílùú òun, wọ́n máa ń lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ pé kí irú òun má wọlé. Ilé ìwé àwọn ọ̀tọ̀, itẹ́ òkú àwọn ọ̀tọ̀. Oko ẹlòmíràn ni bàbá rẹ̀ ti ń já òwú títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Mo ní, “Òyìnbó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí òyìnbó?” Ó ní, “Rúùtù, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́kọ́ di òyìnbó.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ máa ń ya àwòrán sára ògiri. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tí kò mọ ìwé kà a máa ka ògiri. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yìí ya àwọn tó ń já òwú sí ògiri gbọ̀ngàn kan, ó yà wọ́n gàgàrà, ó wá ya ẹni tó ni oko sí igun kan, kékeré bí eèrà. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi kun ún lẹ́fun. Mo bi í pé ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sunkún. Ó ní rárá, ó ní, “Ẹfun tí a fi bo ojú ènìyàn, òjò ló ni ín.”

Ó kọ́ dìsípẹ́ńsárì tuntun fún ìjọ wa ní ọ̀nà Ìrẹsà níbí. Àwọn obìnrin ìjọ ló rẹ́ ògiri rẹ̀, Màmá sì wà níwájú wọn. O mọ ọwọ́ Màmá nídìí ògiri rírẹ́, ọwọ́ Ọ̀yọ́ ni, ọwọ́ Ìyá Àgbà. Wọ́n lóyún nígbà náà, kò tí ì hàn púpọ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri ńlá tó kọjú sí títì títí ó fi ń dán bí ẹ̀yìn igbá. Ràmírésì dúró, ó ń wò wọ́n. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí irú ògiri yìí wà lásán. Ó bẹ àwọn àgbà ìjọ pé òun fẹ́ ya Jésù tó ń wo àwọn aláìsàn sàn sí i. Wọ́n ní kò burú.

Èmi àti Rose ló ń bá a po ọ̀dà. A lọ èédú, a lọ amọ̀ pupa, a tọrọ omi èlú lọ́wọ́ àwọn aláró, mo lọ ra tìróò wá láti Sábó fún ìlà dúdú. Oṣù kan gbáko ni. Mo yẹ ìwé mi wò lánàá, mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kọ ọ́ lóṣù náà pé, “Inú mi dùn lónìí.” Ìwọ náà mọ̀ pé inú mi kì í dùn.

Jésù tó yà, aláàárù gáréèjì Tákíè ni. Ó ru àpò èlùbọ́, ọrùn rẹ̀ le, awọ ara rẹ̀ pọ́n bíi ti Ràmírésì gan-an. Níwájú ni adẹ́tẹ̀ kan wà, àti ìyá kan tó ń pa èkùrọ́, àti ọkùnrin tó ń fọ́ òkúta fún àwọn tó ń la títì. Àwọn tó wọ agbádá, ẹ̀yìn pátápátá ló tò wọ́n sí, kékeré bí eèrà. Ó wá ya àkùkọ kan sórí òrùlé, nítorí Pétérù.

Ọ̀rọ̀ àkùkọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Ìbò ti sún mọ́lé, Alàgbà Bámgbóṣé tó jẹ́ kànsẹ́lọ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí òrùlé, wọ́n ní, “Òyìnbó, àkùkọ ta nìyẹn?”

“Ti Pétérù ni, sà.”

“Pétérù wo? Àwọn tó ń pariwo àkùkọ kiri ìlú láti àná, Pétérù ló rán wọn? Ya igi ọ̀pẹ sí i, kí ó dọ́gba.”

Ràmírésì ní kò sí ọ̀pẹ nínú ọ̀rọ̀ Pétérù. Rose fi gèlè di ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Alàgbà Bámgbóṣé bínú lọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ káàkiri pé òyìnbó ń bá ẹgbẹ́ alákùkọ polongo lórí ògiri Ọlọ́run, ó tún sọ Jésù Olúwa di aláàárù.

Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ fẹ́ parí ni mo dẹ́ṣẹ̀ tí mo ń kọ̀wé lé lórí yìí. Ràmírésì pè wá, ó ní Àgùdà ni ìyá-ìyá òun. Lọ́dọọdún ni ìyá náà máa ń tẹ́ tábìlì fún àwọn òkú ilé, á gbé àwòrán wọn sí i, á gbé oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn sí i. Òun ti ṣèrìbọmi lọ́dọ̀ Onítẹ̀bọmi, òun kì í tẹ́ tábìlì mọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè ya ògiri kí òun má fi òkú kan sí àárín àwọn alààyè kí ó má baà dá wà. Ó ní kí a mú ẹnì kọ̀ọ̀kan wá. Rose mú bàbá rẹ̀ wá, tí igi wó pa lóko. Èmi mú Tóbi.

Tóbi kò ya fọ́tò rí. Ẹnu ni mo fi yà á fún un. Bí iwájú orí rẹ̀ ti yọ, bí eyín òkè rẹ̀ ti là. Ó ń bi mí, “Báyìí?” Mo ń ní, “Rárá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Nígbà tó kan etí, mo ní etí òsì rẹ̀ gé díẹ̀ lókè. Ó yà á bẹ́ẹ̀.

Yẹ́misí, mo ti bi ara mi títí orí fi ń fọ́ mi. Ṣé bí mo ti rí i kẹ́yìn ló dúró lójú mi, tí mo gbàgbé pé etí rẹ̀ pé nígbà tó wà láàyè? Àbí mo mọ̀? Àbí ó ti sú mi láti máa dá a gbé? Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé mo gbàgbé ni. Ní ọjọ́ kejì mo fi ìlà pa á rẹ́. N kò tíì kọ nǹkan mìíràn dípò rẹ̀.

Ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ lọ ṣí aṣọ lójú ògiri. Lórí àpò tí Jésù rù ni Tóbi jókòó sí, ó di irun Jésù mú. Màmá rí i kí ẹnikẹ́ni tó fi hàn wọ́n. Wọ́n figbe ta, igbe ayọ̀ ni. “Ẹ wò ó! Tóbi mi rè é! Ìyá Rose, ẹ wá wo ọmọ mi!” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ tí Tóbi ti lọ, n kò rí ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn.

Ìyá Bàbá ní, “Ẹ fà á kúrò níbẹ̀. Aboyún kì í bá òkú ṣeré.” Màmá kò gbọ́. Wọ́n nàgà, wọ́n na ọwọ́ sí i. Wọ́n fi kan iwájú orí rẹ̀, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fi òrí pa á lára. Ọwọ́ wọn dé etí, ó dúró síbẹ̀.

Wọ́n ní, “Òyìnbó, ẹ ṣì í yà. Etí ọmọ mi pé.”

Ràmírésì wò mí. Mo wo ilẹ̀. Màmá bojú wẹ̀yìn, wọ́n wo Ìyá Bàbá. Ìyá Bàbá ti ń wo ọ̀nà ilé. Wọ́n wá wo Bàbá.

“Bàbá Rúùtù, ta ló gé etí ọmọ mi?”

“Ìyá Rúùtù, jẹ́ ká lọ sílé.”

“Mo ní ta ló gé e. Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

Bàbá fún Bíbélì mọ́ abíyá wọn. Àwọn ènìyàn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Wọn kò sọ fún wa pé òtítọ́ náà lè tẹ ìyá ẹni mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń sáré bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni lọ́rí Mùílì gbé wọn wá sọ́dọ̀ yín. Èmi ni mo ru àpótí wọn dé Tákíè. Wọn kò bi mí ní ohunkóhun. Nígbà tí lọ́rí fẹ́ ṣí, wọ́n nawọ́ jáde, wọ́n tún gèlè mi wé, wọ́n ní, “Máa jẹun.” Ó tán.

Àwọn àgbà ìjọ ṣèpàdé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní pálọ̀ wa. Èmi ló ń gbé omi fún wọn. Wọ́n ní ère Àgùdà ni. Wọ́n ní àkùkọ ìbò ni. Wọ́n ní a kò rí Jésù aláàárù nínú Bíbélì. Wọ́n ní ó fi adẹ́tẹ̀ síwájú ọlọ́lá. Ẹ̀sùn mẹ́rin ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀, kò sí etí níbẹ̀. Bàbá ní àwòrán náà ń da ìjọ rú, kí wọ́n pa á rẹ́. Ràmírésì ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n fi ọmọ yẹn nìkan sílẹ̀, òun á tún etí náà ṣe. Wọ́n ní rárá.

Alàgbà Bámgbóṣé ní, “Ta ló ròyìn òkú ọmọ ọlọ́mọ fún ọ?”

Ó ní, “Mo gbọ́ ọ lọ́jà.”

“Ọjà wo? Ta ní ń ta etí òkú lọ́jà?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mo dúró, ife omi wà lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ. N kò sọ ọ́. Àkùkọ tó yà sórí òrùlé, èmi ló kọ fún.

Wọ́n ní kí ó máa lọ sí Tẹ́sáàsì padà. Mo lọ bá a lọ́jọ́ tó ń di ẹrù. Mo fẹ́ ní kí ó foríjì mí, ẹrù ni mo ń bá a dì. Ó ń fi àkísà nu àwọn ọkọ́ ìrẹ́lé rẹ̀, ó ní, “Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín ná. Mo rí i.” Ó ní òun kò ní sọ ọ̀rọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá lè gbé e, kí n gbé e fún ẹni tó ni ín.

Àwa tí a po ọ̀dà náà ni wọ́n ní kí a po ẹfun. Wọ́n ní kí a fi omi ẹ̀kọ pò ó kí ó lè mú ògiri dáadáa. Mo bẹ Rose pé kí ó jẹ́ kí èmi kun ibi tí Tóbi wà. Rose kò bi mí pé kí ló dé. Omi lásán ni mo fi po ti ibẹ̀.

Ilé wa kò dára mọ́, Yẹ́misí. Bàbá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, Bíbélì wà lórí itan wọn, wọn kì í ṣí i. Wọ́n ti fi ipò dìákónì sílẹ̀, wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ìjọ. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ilé wa wá bẹ Màmá lẹ́ẹ̀kejì, o gbọ́ ohun tí Màmá wí: kí ẹni tó gé etí wá dá etí padà, nígbà náà ni àwọn máa bọ̀. Wọ́n dé wá jíṣẹ́ náà fún Bàbá. Bàbá ní, “Ó tọ́,” wọ́n wọlé, wọ́n sùn láìjẹun.

Òjò ti ń fọ ògiri dìsípẹ́ńsárì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ìyókù kò yọ, omi ẹ̀kọ mú wọn. Tóbi nìkan ló ń yọ. Iwájú orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà eyín rẹ̀, etí náà wá tẹ̀ lé e. Àwọn tó wá gba oògùn ń bi ara wọn pé ọmọ ta nìyí tó dá jókòó sínú funfun. Lánàá, lẹ́yìn tí Ìyá Bàbá rán mi níṣẹ́ etí, mo mú amọ̀ pupa àti tìróò tó kù nínú agolo mi, mo lọ síbẹ̀. Mo gun orí àpótí. Ọwọ́ mi kò dán bíi ti Ràmírésì. Ṣùgbọ́n mo kun òkè etí rẹ̀ padà. Ó nípọn díẹ̀ ju èkejì lọ. Ó pé.

Nítorí náà, bá mi sọ fún Màmá. Sọ fún wọn pé èmi ni mo ròyìn Tóbi fún òyìnbó, kì í ṣe ọjà. Sọ pé mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń gé e, mo sì bá Màmá jẹun láràárọ̀ fún ọdún kan ó lé láìsọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ rí mi mọ́, kọ ọ́ sí mi bẹ́ẹ̀, n óò kà á. Lẹ́yìn náà kí o sọ fún wọn pé etí Tóbi ti pé lára ògiri. N kò mọ̀ bóyá ìyẹn ni dídá etí padà. Ohun tí ọwọ́ mi ká nìyẹn.

Bá mi kí Ìyá Àgbà, kí wọ́n má jẹ́ kí ewúrẹ́ gbá wọn. Kí bàbá yín. Rose ní kí n kí ọ. Mùílì ló ń mú ìwé yìí bọ̀, fún un lómi mu.

Ohun kan ló kù. Ọjọ́ tí Màmá bá bímọ, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yẹ etí rẹ̀ wò, jọ̀wọ́ gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wẹ̀ ẹ́. Fi aṣọ wé e títí dé orí. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ rí nílé wa, kí ẹ tó wo etí rẹ̀.

Èmi tí kò ní ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún, tìrẹ ni mí,

                                        Rúùtù Jayéọlá.